Ẹni Tó Fi Orúkọ Òkú Fèsì

Bí Olúdayọ̀ bá sọ fún yín pé òun ò mọ irọ́ pa, ẹ má dá a lóhùn. Ó mọ̀ ọ́n pa dáadáa. Kì í ṣe irọ́ olè, kì í sì í ṣe irọ́ ọkọ tó lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Irọ́ àánú ló pa, irọ́ tí gbogbo ẹbí gbé lé e lọ́wọ́, tí wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí rẹ̀. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ló sì burú jù, torí kò sẹ́ni tó máa bá èèyàn wí nígbà tó bá ń pa á.

Ọmọ Àgùdà ni, ní Súrùlérè. Tíṣà ni ìyá ẹ̀, tíṣà ayé àtijọ́ tó ń fi rúlà gbá ọmọ lọ́wọ́ bó bá kọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mẹ́ta ni màmá yìí bí: Olúdayọ̀ ni àkọ́bí, Morákinyọ̀ tẹ̀ lé e, Ṣùbòmí sì ni àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ẹnu Ṣùbòmí kì í dákẹ́. Bó bá pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, oríṣiríṣi orúkọ ló máa kọ́kọ́ fi kí i kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìyá Àgùdà! Ọ̀gá Tíṣà! Arẹwà mi! Màmá á ní kó yéé ṣe yẹ̀yẹ́ òun, ẹ̀rín á sì ti gba gbogbo ojú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ló da àárín wọn rú. Aminullah ni Ṣùbòmí mú wálé, ọmọlúàbí ọmọ, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni, Màmá sì ní kì í ṣe lójú ayé òun. Ṣùbòmí ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rí iṣẹ́ sí Àbújá, ó di ẹrù ẹ̀, ó lọ. Kí wọ́n tó parí ìjà náà, ikọ́ fée tó ti ń bá a jà láti kékeré dé sí i lóru níbẹ̀, kò sì jí mọ́.

Wọ́n gbé òkú ẹ̀ wá sí Èkó, wọ́n sin ín sí Àtàn ní Yaba. Ìyá tó bí i wà nílé ní Àgùdà lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Òbí kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ, ìyẹn ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ti Màmá tún lé kan, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé e ṣubú rí, apá òsì ẹ̀ ò sì tíì padà bọ̀ sípò. Àbúrò Màmá, Àǹtí Ọláníkẹ́, ló dìde láàárín ẹbí tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi òkú kan pa méjì ni? Ta ló máa gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lé abiyamọ lórí? Ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀gbọ́n mi mókun ná." Gbogbo wọn ṣe àmín bí ẹni pé àdúrà ni. Wọ́n wá yíjú sí Olúdayọ̀, òun ṣáà ni àkọ́bí.

Fóònù Ṣùbòmí ló wá di ìṣòro. Bí wọ́n bá pa á, Màmá á fura. Ni Olúdayọ̀ bá mú un lọ sílé, ó ń fi iná sí i kí bátìrì ẹ̀ má bàa tán. Ẹ gbọ́ o, èèyàn ń fi iná sí fóònù òkú! Màmá á pè é, á dún, á dún, á tán. Nígbà tí pípè náà pọ̀ jù, Olúdayọ̀ jókòó, ó fi orúkọ àbúrò ẹ̀ kọ tẹ́ẹ̀sì: "Mo wà dáadáa, mà. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín."

Ẹ wá wo ìwà ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé. Bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀gá ọ́fíìsì ló ṣe kọ ọ́. Ṣùbòmí tó ń pe ìyá ẹ̀ ní Arẹwà mi!

Màmá ka tẹ́ẹ̀sì náà, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì ni Olúdayọ̀ ti gbọ́ ọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ohùn Màmá ní, "Ṣùbòmí, mo rí iṣẹ́ tó o rán. Ṣé èmi lo wá ń pè ní 'mà' báyìí? Ó dáa náà." Nígbà tó ṣe, ó tún rán òmíràn: "Ọmọ mi, mo ti rò ó. Fẹ́ Aminullah ẹ. Mo gbà. Kó o ṣáà pè mí, kí n gbọ́ ohùn ẹ." Olúdayọ̀ gbọ́ ọ tán. Ó yẹ kó dìde, kó wọ mọ́tò, kó lọ sí Àgùdà lójú ẹsẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé, mà. Màá pè."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìpè náà. Bó bá fẹ́ wẹ̀, fóònù á bá a dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Bí Olúdayọ̀ bá wá kí i, ó máa ń rí i bó ṣe ń wo fóònù náà, á sì yára dá ọ̀rọ̀ míì sílẹ̀. Ara tí wọ́n ní kó mókun ò mókun rárá, ńṣe ló ń rù sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó di Olúdayọ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bá mi bẹ àbúrò ẹ. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tí mo bí lè bínú tó báyìí." Olúdayọ̀ ní, "Màá bá yín bẹ̀ ẹ́, mọ́mì."

Ohun tó sọ fún ìyá ẹ̀ gbẹ̀yìn nìyẹn. Màmá kú, ó rò pé ọmọ òun ò dárí ji òun.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Olúdayọ̀ gbìyànjú. Ó gbààwẹ̀. Ó lọ bá àlùfáà, àlùfáà ní Ọlọ́run ti dárí jì í, Olúdayọ̀ ní òun gbọ́, ó sì padà sílé pẹ̀lú ẹrù ẹ̀. Ó ń gbé ní Sábó nígbà yẹn, òun àti Caroline ìyàwó ẹ̀ àti Jael ọmọ wọn, bí wọ́n bá sì ń jẹun lọ́wọ́, á kàn gbé ṣíbí dúró, á máa wo ògiri. Bí èèyàn bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ kan ló wá sú Caroline.

Ó ní, "Dádì Jael, ẹkún tẹ́ ẹ ń sun yìí, ta ló ń ṣe lóore? Mọ́mì ò lè gbọ́ ọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá máa sun ún, ẹ bi ara yín ní ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún àlùfáà o. Ohun tẹ́ ẹ ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Ó bá Caroline ṣe kèéta fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tí wọ́n sọ òótọ́ fún ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ohun tó máa ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé òun ò tètè sọ fún Mọ́mì. Nígbà tó wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò ní in lọ́kàn láti sọ fún un láéláé. Wọ́n ní Mọ́mì ò ní lè gbà á mọ́ra. Irọ́ ni! Obìnrin tó sin ọkọ, tó sin ìyá, tó sin bàbá, tó sì tọ́ ọmọ mẹ́ta láì lọ́kọ nílé. Olúdayọ̀ gan-an ni kò lè gbà á mọ́ra. Kò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹkún yẹn bá bọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀. Ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò, ó wá ń pè é ní àánú Mọ́mì.

Ìmọ̀ yìí ò jẹ́ kí oorun ẹ̀ dùn sí i o. Ṣùgbọ́n kò wo ògiri mọ́.

Ọdún mélòó kan kọjá. Ọ̀fọ̀ tún wọ ẹbí náà, ọ̀dọ̀ Àǹtí Ọláníkẹ́ ló sì yà sí. Láyí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àǹtí bí, géńdé tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Yaba, onísùúrù, aláwàdà. Ó dìde lórí àga níbi iṣẹ́ láàárọ̀ pé òun fẹ́ mu omi, ó ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Ilé Olúdayọ̀ ní Sábó ni ẹbí kóra jọ sí. Dennis, tí òun àti Láyí jọ ń ṣiṣẹ́, ló gbé báàgì Láyí wá, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata. Ó gbé báàgì náà sórí tábìlì. Wọn ò tíì jókòó tán nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ẹ̀. Dennis yọ ọ́ jáde. Ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀ bíi pé ó jó o lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Fóònù náà dún, dún, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Morákinyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Ọmọ kan ṣoṣo! Ẹ jẹ́ ká sin ín ná. Ẹ kàn fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wọn pé iṣẹ́ ló gbé e lọ sí ìlú míì. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ ẹ ṣe ṣe é fún Mọ́mì."

Yéè! Kò ní ibi kankan lọ́kàn o, Morákinyọ̀. Bí ẹni ń yin ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Àwọn tó kù sì ń mi orí. Ẹnì kan ti ń ti fóònù náà sọ́dọ̀ Olúdayọ̀ lórí tábìlì.

Caroline wo ọkọ ẹ̀. Olúdayọ̀ mú fóònù náà, ó pa á. Ó ní, "Mò ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí ní Àgùdà. Màá lọ túfọ̀ fún wọn."

Ariwo sọ. Wọ́n ní ṣé orí ẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n ní bí Àǹtí bá gba ibẹ̀ kú, ọrùn ẹ̀ ni o, wọ́n ní kó máa rántí pé àwọn ti sọ. Ẹ̀rù ba Olúdayọ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, pé Àǹtí lè ṣubú lulẹ̀ níwájú òun. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó wọ bàtà ẹ̀.

Àǹtí Ọláníkẹ́ ń ṣa òkúta lára ìrẹsì nígbà tó wọlé. Inú ẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní, "Olúdayọ̀! Ọlọ́run ló gbé ẹ wá. Jókòó, kó o bá mi bá àbúrò ẹ wí. Àtàárọ̀ ni mo ti ń pè é, kò gbé e. Ní báyìí ó ti wá pa fóònù ẹ̀ pátápátá."

Olúdayọ̀ ò jókòó. "Àǹtí," ó ní.

"Jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná. Ó gba fúláàtì sí Yaba, ó ní kí n wá gbàdúrà síbẹ̀ kóun tó kó lọ. Mo ní ọmọkùnrin tí ò tíì gbéyàwó, kí ló ń wá kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀? Mo ní mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ láéláé. Àná nìyẹn. Mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi le. Mo fẹ́ sọ fún un pé mò ń bọ̀, pé màá wá gbàdúrà náà. Kò gbé e! Ó ń fi ìyà jẹ mí. Àṣé ọmọ yẹn lè bínú tó báyìí?"

Olúdayọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu ìyá ẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Irọ́ ti wà létè ẹ̀, ó ti dùn lẹ́nu, ó ti fẹ́ bọ́: *Iṣẹ́ ló pọ̀, Àǹtí, ó máa pè yín.* Ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú àga ẹ̀, ó sì di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú.

"Àǹtí, Láyí ò bínú sí yín. Ó ṣubú níbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Láyí ti kú."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Láyí wo?"

"Láyí wa."

Ìrẹsì dà sílẹ̀ káàkiri. Àǹtí fa ọwọ́ ẹ̀ yọ, ó gbá a létí, ó tún gbá a. "Ọ̀dájú! Ìkà! Báyìí ni wọ́n ṣe ń túfọ̀? O ò lè ní kí n mu omi ná? O ò lè mú àgbàlagbà kan dání? Ta ló rán ẹ sí mi?" Olúdayọ̀ ò gbé ọwọ́ sókè. Àǹtí dìde, ó tún jókòó, ó dìde. Ó wá bọ́ sílẹ̀ sáàárín ìrẹsì náà, ẹkún tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀ sì jẹ́ kí àwọn ará ilé sáré jáde láti yàrá wọn. "Ta ló máa pè mí ní mọ́mì? Olúdayọ̀, ta ló kù tó máa pè mí ní mọ́mì?"

Ẹkún tí Olúdayọ̀ ti ń sá fún láti ọdún yẹn nìyí. Ó burú ju bó ṣe rò ó lọ. Kò sí nǹkan kan tó lè sọ tó máa mú un fúyẹ́, kò sì gbìyànjú. Ó jókòó sílẹ̀ ti Àǹtí. Ó dúró tì í títí ohùn fi há a.

Nígbà tó ṣe, Àǹtí fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Níbo ni wọ́n gbé e sí? Mú mi lọ."

Morákinyọ̀ ti ń pe Olúdayọ̀ láìdákẹ́. Nígbà tí Olúdayọ̀ gbé e, tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn tó wà nínú ilé gbọ́ igbe ẹ̀ látinú fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ ni! Òbí kì í fojú rí òkú ọmọ!" Olúdayọ̀ yíjú sí Àǹtí. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Bẹ́ ẹ bá ní ká lọ, màá bá yín lọ. Bẹ́ ẹ bá ní ká má lọ, màá jókòó tì yín níbí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ. Mi ò ní bá yín sọ ọ́."

Àǹtí ti ń wá bàtà ẹ̀.

Wọ́n gbé Láyí síta fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn mọ́ṣúárì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn. Olúdayọ̀ fẹ́ wọlé tẹ̀ lé e, Àǹtí ní kó dúró síta. Ilẹ̀kùn ò pa dé dáadáa. Ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan tí Àǹtí ń sọ, kì í sì í ṣe ẹkún lásán. Ọ̀rọ̀ ló ń bá ọmọ ẹ̀ sọ, bí ìgbà tí wọ́n jọ jókòó nínú ilé ìdáná.

"Mo ti dé, Láyí. Ó yẹ kí n ti wá lánàá. Ẹnu mi ló burú, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún ẹ. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà fún ẹ. O ò ṣẹ̀ mí, gbọ́? O ò ṣẹ̀ mí rí." Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà. Ó ké sí Ọlọ́run lórí ọmọ ẹ̀, ó pe oríkì ẹ̀, ó súre fún un bí wọ́n ṣe ń súre fún ọmọ tó ń jáde kúrò nílé bàbá ẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kán an lójú.

Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ ti wú, ó sì ti darúgbó ju ti àárọ̀ lọ. Olúdayọ̀ sáré dì í mú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọgbà ibẹ̀. Àǹtí ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì yẹ kó dúpẹ́.

Ó ní, "O ṣe mí léṣe lónìí, Olúdayọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè gbàgbé bó o ṣe sọ ọ́." Ó tún nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ohun tó fẹ́ sọ fún ọmọ ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má sọ fún un. Èmi tí mo gbọ́n ní àgbọ́njù. Àwa la gba àyè yẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

"Èmi ni mo gbà á, Àǹtí. Èmi ni mò ń fèsì."

Àǹtí bú sẹ́kún tuntun. Ti Láyí ni, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì ni, kò sẹ́ni tó lè yà á sọ́tọ̀. Olúdayọ̀ wo òkè. Ó la ẹnu, ohùn ẹ̀ sì jáde bí ohùn ọmọdé.

"Mọ́mì," ó ní, "Ṣùbòmí ti kú o. Ó ti kú tipẹ́. Kò bínú sí yín. Èmi ni mò ń kọ tẹ́ẹ̀sì, mọ́mì, èmi ni."

Ó pẹ́ jù. Ó mọ̀ pé ó pẹ́ jù, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ó tún un sọ, títí Àǹtí fi na ọwọ́, tó gbé orí ẹ̀ lé èjìká.